Edinburgh lóṣù kẹjọ: ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú kẹ́ ẹ tó náwó yín

Ọdún kẹta rèé tí mò ń lọ síbi àjọ̀dún eré ní Edinburgh, ní Scotland, eléyìí dẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí màá mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dání. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá kí wa, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sílé ní Newcastle kí àwọn máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ tí àwọn máa padà fi máa pé. Mo ní kò burú, Edinburgh ò jìnnà sí wa, wákàtí kan ààbọ̀ péré ni rélùwéè ń rìn ín. Ọjọ́ mẹ́ta àti òru méjì la lò níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó ti bi mí bóyá ó tó nǹkan téèyàn ń náwó sí ti pọ̀, ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tó nǹkan téèyàn ń náwó sí, ó tó ó jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ṣùgbọ́n òru ni kẹ́ ẹ náwó ọ̀hún sí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sán gbà á tán lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó jẹ́ ná, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àjọ̀dún kan ṣoṣo ni. Rárá o, wọ́n pọ̀, wọ́n kàn kó ara wọn jọ sínú oṣù kan náà ni. Ní 1947, ọdún méjì lẹ́yìn tí ogun Hitler parí, Edinburgh dá àjọ̀dún ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní International Festival, wọ́n fìwé pe àwọn ẹgbẹ́ olórin àti onítíátà tó lórúkọ. Àfi bí ẹgbẹ́ eléré mẹ́jọ tẹ́nì kankan ò pè ṣe já wọ̀lú, wọ́n wá àyè tiwọn síbi tí wọ́n rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Mo-gbọ́-mo-yà pátápátá! Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìyẹn 1948, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Robert Kemp, oníròyìn ni, ó tún máa ń kọ eré, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé eré wà létí àjọ̀dún ńlá yẹn náà, "fringe" lọ̀rọ̀ tó lò, bí ìgbà téèyàn bá ń sọ wajawaja etí aṣọ, ó dẹ̀ di orúkọ mọ́ wọn lára títí dòní. Lónìí mo-gbọ́-mo-yà ti ju olóde lọ. Eré tó máa ń wà nínú Fringe lọ́dún kan lé ní 3,000, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní 2024 nìkan lé ní mílíọ̀nù méjì, ìlú tí àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mílíọ̀nù lọ ni mò ń sọ yìí o.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Fringe ni pé kò sẹ́ni tó ń yan eré. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fringe Society, 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ tiwọn ni pé kí wọ́n kọ orúkọ eré sílẹ̀ kí wọ́n sì bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé eré ẹ ò dáa, má wá. Tó o bá ti rí yàrá tí wọ́n máa gbà ẹ́ sí, tó o sanwó ìforúkọsílẹ̀, o ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí nǹkan níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí níbòmíì láyé yìí. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tẹ́nì kankan ò ṣa ni, ẹ máa gé òkúta jẹ, ẹ fọkàn sí i.

Àwa náà gé e jẹ. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, mo san pọ́ùn mẹ́rìndínlógún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún eré olórin kan tí àwòrán ẹ̀ dáa lára ògiri, wákàtí kan gbáko, orin ò dùn, ìtàn ò yé èèyàn, ẹ̀gbọ́n mi sùn. Mi ò bínú sí àwọn ọmọ yẹn o, wọ́n gbìyànjú. Ara mi ni mo bínú sí, torí mo mọ̀ pé ọ̀sán ni owó máa ń ṣòfò, tí gbogbo ayé ti kún ìgboro, tí ara ti ń kánni láti wọ ibi tí ìjókòó wà, téèyàn á kàn wọ ibi tó bá rí.

Ọ̀sán, ìgboro fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Waverley, inú kòtò ni téṣàn yẹn wà láàárín ìlú, ẹ máa gun àtẹ̀gùn òkúta kẹ́ ẹ tó dé Royal Mile, ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó rọra. Royal Mile ni títì gbọọrọ tó gùn láti Castle, ilé olódi orí àpáta, lọ sí ààfin ọba ní Holyrood. Tó bá ti di oṣù kẹjọ wọ́n á ti apá kan ẹ̀ mọ́ mọ́tò, àwọn eléré á gbà á. Ọkùnrin kan wà lórí àkàsọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dì mú, ó ń ju ọ̀bẹ mẹ́ta sókè, ọmọbìnrin kan dúró bí ère, gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ fàdákà, ẹgbẹ́ ọmọ yunifásítì ń kọrin láìsí ìlù, ẹlòmíì ń fọn fèrè alápò àwọn ará Scotland yẹn, ariwo ẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú àyà èèyàn. Àwọn tó ń pín ìwé pélébé fún eré wọn dẹ̀ wà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Èmi máa ń yà fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi ò yà fún ẹnì kankan. "Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jàre, ọmọ ọlọ́mọ ló dúró sínú òjò yẹn láti àárọ̀." Bá a ṣe kó ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Òróró ìṣaralóge tó wà nínú báàgì wọn ti jò sí ìdajì ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí n dà á nù.

Ẹ wo ìwé yẹn dáadáa tẹ́ ẹ bá gbà á. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa rí i pé wọ́n fi pín-ín-nì lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn lórí, ìràwọ̀ ló wà lára ẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn oníròyìn tó wá wo eré ló ń fún wọn ní ìràwọ̀ yẹn, tí ìràwọ̀ bá ti wọlé báyìí, eléré á sáré lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, òun fúnra ẹ̀ á jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọmọ kan tó ń ṣe é lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n torí òtútù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara ẹ̀.

Kí n má gbàgbé, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago kan lù, ẹ múra sílẹ̀. Wọ́n máa ń yìnbọn ńlá láti orí Castle ní aago kan ọ̀sán gééré lójoojúmọ́, àfi Sunday, Good Friday àti ọjọ́ Kérésìmesì, láti 1861 ni wọ́n ti ń ṣe é, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Leith lè fi tún aago wọn ṣe. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú, àṣìṣe ńlá gbáà ni. Ìbọn dún gbòlà! wọ́n dì mọ́ mi, "Jésù!" tí wọ́n ké, ìyá aláwọ̀ funfun kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà dì mọ́ wọn, àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn.

Summerhall nìkan ni mo lè sọ pé kẹ́ ẹ lọ lójú ọmọ ọ̀sán kẹ́ ẹ dẹ̀ sanwó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko ni tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì máa rí yàrá ibi tí wọ́n ti ń la òkú ẹranko fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, àga onípákó tó ga lórí ara wọn bí àtẹ̀gùn, ẹni tó bá jókòó lókè, ńṣe ló máa wo eléré láti òkè bọ̀ sílẹ̀ bí ẹni wo inú kànga. Eré tó lóhùn jẹ́ẹ́, tó ń ronú, ló pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló ṣe eyí tá a wò, kò ju àga kan àti kẹ́tù lọ tó gbé síwájú, ó ń sọ ìtàn bí bàbá ẹ̀ ṣe gbàgbé orúkọ ẹ̀ nígbà tí àìsàn dé. Nígbà tí kẹ́tù yẹn hó, kò sẹ́ni tó mira.

Tattoo ńkọ́? Gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Kì í ṣe fínfín ara o, eré orin àwọn sójà ni, wọ́n ń ṣe é lójúde Castle láti 1950, ìlù àti fèrè, èèyàn tó ń jókòó sórí àga yẹn lálẹ́ kan lé ní 8,000. Ó dáa, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan láyé yín, ẹ wọ súwẹ́tà méjì torí òkè gan-an lẹ máa wà, atẹ́gùn ò sì mọ àgbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n pa iná gbogbo, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù tó dá dúró sórí odi Castle lókè lọ́hùn-ún tó ń fọn fèrè, iná kékeré kan lójú ẹ̀. Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ó dà bíi kàkàkí ààfin tí wọ́n máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Owó ẹ̀ wọ́n o. Tẹ́ ẹ bá ní láti yan ọ̀kan nínú Tattoo àti eré òru márùn-ún, òru ni kẹ́ ẹ yàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ n sọ ti òru wàyí, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Lóṣù yẹn, aago mẹ́sàn-án ló máa ń kù díẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù á tiẹ̀ kọjá mẹ́sàn-án. Báàsì tó kó àwọn arìnrìn-àjò wá á ti kó wọn lọ, àwọn tó ní ọmọdé á ti wọlé, ìlú á tún ara ẹ̀ mí. Ibẹ̀ gan-an ni Edinburgh ti máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìjọba máa ń fi kún wákàtí àwọn ilé ọtí àti ilé ijó lásìkò yẹn, àwọn ibòmíì ń ṣí títí di aago márùn-ún ìdájí, kò dẹ̀ sí ìgbà tẹ́ ẹ máa jáde sí títì tẹ́ ẹ ò ní bá èrò. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, mo ti mọ bí òru ṣe máa ń rí lójú ẹni tí oorun ò kùn, ṣùgbọ́n òru tí gbogbo ìlú jọ fi ojú ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ẹ lọ sí Cowgate. Títì kan ni nísàlẹ̀, abẹ́ ìlú ni kí n kúkú pè é, torí àwọn afárá ló gba orí ẹ̀ kọjá. South Bridge tẹ́ ẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, tẹ́ ẹ rò pé títì lásán ni torí ṣọ́ọ̀bù ti bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, afárá ni o. Ó ní ojú mọ́kàndínlógún, 1788 ni wọ́n parí ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo péré ló hàn síta nínú gbogbo ẹ̀, orí Cowgate lèyí tó hàn yẹn wà. Àwọn tó kù ti di yàrá, wọ́n ti di ihò lábẹ́ ilé onílé. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré lóru.

Èyí tá a wọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá pè é ní ihò àpáta ẹ ò jayò pa. Òrùlé ẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lórí wa, òkúta ni gbogbo ẹ̀, omi ń kán láti ibì kan, wọ́n ti gbé ife ike sí abẹ́ ibi tó ń kán sí, mò ń gbọ́ ọ tó! tó! ní gbogbo ìgbà tí aláwàdà bá dákẹ́. Mo ka àwa tá a wà níbẹ̀, mẹ́tàlélógún. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní ọ̀fẹ́ ni mà, owó tó bá wù yín lẹ máa fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ń jáde. Wọ́n wojú mi.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ló wá ṣe é?"

Kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ Glasgow ni aláwàdà yẹn, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ẹnu ẹ̀ yá bí ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ ohun kan nínú ohun tó ń sọ. Mo rò pé wọ́n máa sùn bíi tọ̀sán. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn kéré, aláwàdà rí ojú wọn, ó dúró, ó bi wọ́n pé mọ́mì, ṣé mò ń yára jù ni? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra ń sọ ọ́, ó sọ ìtàn ìsìnkú ìyá ìyá ẹ̀, bí àwọn ẹbí ṣe jà lórí ẹni tó máa gbé kẹ́ẹ̀kì tó ṣẹ́ kù lọ sílé, bí bùọ̀dá kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ ṣe jẹun lẹ́ẹ̀mẹta tó tún sunkún ju àwọn ọmọ olóògbé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi di àga tó wà níwájú wọn mú. "Àwọn náà ń ṣe é! Àwọn náà ń ṣe é!" ni wọ́n ń sọ fún mi lédè wa. Ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti mú wọn.

Nígbà tó parí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà fúnra ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa lọ́wọ́. Ó ti sọ fún wa pé yàrá ọ̀hún, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún òun, ohun tó bá wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni òun máa fi san ibi tí òun ń sùn, kọ́ọ̀ṣì inú pálọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ni. Àwọn èèyàn ń ju owó ẹyọ sí i, ẹlòmíì ń dọ́gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá tó ń wo fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ogún pọ́ùn. Mo na ọwọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi hàn wọ́n, wọn ò wo bọ́kẹ́ẹ̀tì rárá, ńṣe ni wọ́n na ọwọ́ sókè tí wọ́n lẹ owó yẹn mọ́ ọmọ yẹn níwájú orí. Òógùn wà lójú ẹ̀, owó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ yẹn rọra tẹrí ba bí ẹni pé ilé wa ni wọ́n ti tọ́ ọ, owó yẹn ò já bọ́. "O ṣé, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé ẹ ga," wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní "thank you, mum." Ẹ ò rí i pé àwọn tó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá yẹn, méjì nínú wọn padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá gbogbo wa sọ gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló ń jẹ gbèsè kúrò ní Edinburgh. Wọ́n á sanwó ilé, wọ́n á sanwó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á tẹ ìwé pélébé, wọ́n á ṣeré lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí kó sún mọ́ ọn, wọ́n á padà sílé pẹ̀lú ohùn tó ti há. Àwa tá a mọ ìnáwó, tí a kì í jẹ́ kí onílù lọ lọ́wọ́ òfo, kò yẹ kí a máa fi owó ẹyọ méjì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín fún wákàtí kan. Eré ọ̀sán tó ní tíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ùn mẹ́rìndínlógún. Tẹ́ ẹ bá lè san ìyẹn kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ lè san mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti wò ó tán tẹ́ ẹ dẹ̀ mọ̀ pé ó dùn.

Lẹ́yìn aago méjìlá, irú eré kan tún wà tí mo fẹ́ràn, èyí tí alága kan á jókòó sórí ìtàgé tá á máa pe aláwàdà mẹ́rin márùn-ún wọlé ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó dáa fún ẹni tó jẹ́ àlejò torí tí ọ̀kan ò bá dùn mọ́ yín, òmíì ń bọ̀. Àwọn ònwòran ti mutí lásìkò yẹn, wọ́n á máa dá ọ̀rọ̀ sí i láti ìsàlẹ̀, aláwàdà á máa dá wọn lóhùn. Ẹ má jókòó sí ìlà iwájú tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n bi yín níṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ẹni kẹta tó jáde lóru ọjọ́ kejì, ọmọ wa ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ó ní ìyá òun wá wo eré òun, kò rẹ́rìn-ín, ó ń ka orí èèyàn ni, nígbà tí wọ́n délé ó mú bírò, ó fi iye èèyàn lọ́nà iye tíkẹ́ẹ̀tì, ó yọ owó yàrá kúrò, ó yọ owó rélùwéè kúrò. Òun wá fi ìwé ìròyìn hàn án, mọ́mì, wọ́n fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún! Ìyá ẹ̀ ní, ó sọ ọ́ ní Yorùbá ná kó tó túmọ̀ ẹ̀: "Ṣé ìràwọ̀ lo máa jẹ ni?" Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, èèyàn bí ọgọ́rùn-ún, ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn fọwọ́ ṣíji bojú kúrò lọ́wọ́ iná, ó wá wọn kiri títí ó fi rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ sórí ìtàgé, "Ẹ ǹlẹ́ mà." Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó lè ra ìyẹn fún mi.

Tí eré bá sú yín, ẹ lọ sí Sandy Bell's ní Forrest Road. Báà kékeré ni, àwọn olórin ìbílẹ̀ Scotland máa ń jókòó yí tábìlì kan ká lálẹ́, kò sí ìtàgé, kò sí máíkì, gòjé wọn yẹn tí wọ́n ń gbé sí abẹ́ àgbọ̀n, dùùrù ìgbáyà, fèrè, ọtí wọn wà níwájú wọn. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ orin, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á bọ́ sí i. Ẹ ò ní sanwó ìwọlé, ẹ sáà ra nǹkan mu. Bàbá arúgbó kan dìde fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n jókòó, wọ́n fetí sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe di orin kẹta wọ́n ti mú ṣíbí tíì, wọ́n ń fi lu etí tábìlì jẹ́jẹ́, kọ́ńkóló, èyí tí àwọn onílù wa máa ń fi agogo lù, ó dẹ̀ bọ́ sínú orin yẹn láìyẹ̀ rárá. Obìnrin onígòjé yẹn gbójú sókè, ó wo ọwọ́ wọn, ó mi orí sí wọn, ó ń bá tiẹ̀ lọ. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn.

Oúnjẹ, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Mosque Kitchen wà ní Nicolson Square fún ìrẹsì àti kọ́rì, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó yóni. Lóru, ànàmọ́ díndín lẹ máa jẹ, wọ́n á bi yín pé "salt and sauce?", ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọbẹ̀ dúdú tó kan díẹ̀ ni, Edinburgh ló ni ín, tẹ́ ẹ bá dé Glasgow wọn ò ní fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi bu ata gígún tiwọn sí i láti inú báàgì, ọmọ tó ń tà á ní kí àwọn bu díẹ̀ fún òun tọ́ ọ wò.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ibi tá a sùn. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Pọ́ùn 190 fún òru kan, fún yàrá tí fèrèsé ẹ̀ ò ṣeé ṣí, àjà kẹrin láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè, tí wọn ò sọ ọ́ níbi tá a ti sanwó, mo gbé báàgì, mo tún ń ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Nígbà tá a dókè, wọ́n ní táwẹ̀lì lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo ìlú ló máa ń fi owó ilé lé téńté lóṣù yẹn, àwọn eléré àti àwa ònwòran ló jọ ń jẹ ìyà ẹ̀. Láti 24 July 2026, owó orí àlejò tún wọ̀ ọ́, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tẹ́ ẹ fi sùn, òru márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà mọ. Ẹ tètè wá ibùsùn, láti January, kẹ́ ẹ dẹ̀ bèèrè nípa àtẹ̀gùn. Àwọn kan máa ń sùn sí Glasgow, rélùwéè ò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n tó tó òru rélùwéè á ti tán, ẹ ò ní lè rí ohun tí mo torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ wá. Nínú Edinburgh fúnra ẹ̀, bọ́ọ̀sì òru wà, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N, òun la wọ̀ padà lóru méjèèjì, a ò dúró pẹ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀, òkúta ni títì yẹn, mo rí àwọn tó bọ́ bàtà gogoro sọ́wọ́. Kóòtù tí òjò ò lè wọ̀, òjò ibẹ̀ ò ní kìlọ̀ fún yín. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní preview, tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dínwó. Ẹ má to eré mẹ́fà jọ sínú ọjọ́ kan, wákàtí kan ni eré kan ṣùgbọ́n òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà láàárín ibì kan àti ìkejì, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ pẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún yín, owó yín ti lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan, a dúró síta à ń gbọ́ bí àwọn tó wà nínú ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ṣíwájú, tó bá pọ̀ jù, méjì, kẹ́ ẹ fi ìyókù òru sílẹ̀ fún ohun tẹ́ ẹ bá bá pàdé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Onílé wa ló mú ìkarùn-ún lọ, ó ti wà nínú owó táwẹ̀lì.